GÍLÓÒBÙ TÍ MO NÍ KÍ Ẹ RÀ

 

Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀. Ẹni tí kò bá ráyè báyìí, kó fi í pamọ́ di alẹ́, bí iná bá wà. Kì í ṣe ìwàásù, ìtàn ni. Ìtàn iná tí à ń tàn sínú ilé wa ni, ṣùgbọ́n ìjẹ́wọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, torí ọwọ́ tèmi náà wà níbẹ̀.

Ní Sátidé tó kọjá, lẹ́yìn tí a parí ìmọ́tótó ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbọ́ tí nǹkan ń dún "póò! póò!" lẹ́yìn ilé ìjọsìn. Mo yọjú. Àwọn ọmọ mẹ́ta ni mo bá níbẹ̀. Wọ́n rí páálí kan tó kún fún gílóòbù ẹ́nájì tó ti kú, àwọn funfun tó lọ́ pọ̀ bí ìkarahun ìgbín yẹn. Wọ́n ń sọ wọ́n mọ́ ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń dún bíi bángà ọdún Kérésì, inú wọn sì ń dùn. Àyà mi já. Mo kígbe, mo lé wọn kúrò níbẹ̀, mo ní kí wọ́n lọ fọwọ́. Èyí tó kéré jù nínú wọn wò mí lójú, ó ní, "Dádì, kí ló dé? Ṣebí ó ti kú."

Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn kò jẹ́ kí n sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Gílóòbù tó ti kú, kí ló tún kù nínú rẹ̀? Báwo ló ṣe dé ilé wa? Kí ló dé tí ó kú kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé? Ta ló ní ká rà á? Ìdáhùn sí ti ìkẹyìn yìí rọrùn. Nínú ìjọ tiwa, èmi ni.

ÌMỌ́LẸ̀ TÍ A BÁ NÍLÉ

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Àwọn bàbá wa sọ fún wa pé nígbà tí Ọ̀ràngún àkọ́kọ́ ń kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, ogbó kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń fi ọ̀nà hàn án nínú igbó. Ogbó tó mọ̀nà. Ibẹ̀ ni wọ́n ní orúkọ Ìgbómìnà ti wá. Nítorí náà, ó pẹ́ tí àwa ti mọ ìwúlò ohun tó ń fọ̀nà hàn èèyàn.

Nínú ilé, fìtílà ni. Àwo amọ̀ kékeré, epo pupa tàbí àdí nínú rẹ̀, òwú tí wọ́n ran. Lẹ́yìn náà ni epo òyìnbó dé, tí a ń pè ní kẹrosíìnì. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń fi agolo mílíìkì ṣe àtùpà. Ẹni tó bá rọ́wọ́ họrí á ra lántánì onígíláàsì. Tí wọ́n bá ń ṣe òkú àgbà tàbí ìsọjí ìta gbangba, wọ́n á gbé gáàsì jáde, á máa hó ṣìì bí ejò, gbogbo kòkòrò àdúgbò á sì pé jọ síbẹ̀.

Iwájú lántánì ni mo ti kàwé. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ó rántí: tí ẹ bá fun imú láàárọ̀, dúdú ni. Àtùpà ti jó ilé, ó ti jó ọmọ. N kò ní í purọ́ fún yín pé ayé ìgbà yẹn dára ju ti ìsinsìnyí lọ. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà nípa àtùpà: èèyàn lè rí epo inú rẹ̀. Àwọn wúńdíá mẹ́wàá inú Mátíù orí 25, kò sí èyí tí kò lè mọ iye epo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú wọn; àwọn márùn-ún kan kò kà á sí ni. Àléébù àtùpà, ó hàn sójú. Ẹ di ọ̀rọ̀ yìí mú, màá padà sí i.

UP NEPA!

Ní 1896 ni ìjọba àwọn òyìnbó kọ́kọ́ tan iná mànàmáná l'Ékòó. Ó pẹ́ kí ó tó dé ìgbèríko. Ní 1950 ni wọ́n dá ECN sílẹ̀, tí àwọn bàbá wa máa ń dárúkọ. Wọ́n dí Odò Ọya ní Kainji, iná bẹ̀rẹ̀ sí í ti ibẹ̀ wá ní 1968. Ní 1972, wọ́n da ECN pọ̀ mọ́ àjọ tó ń mójútó ìdídò yẹn, ó di NEPA. Ní 2005, ó di PHCN. Nígbà tó di oṣù kọkànlá 2013, ìjọba fà á lé àwọn aládàáni lọ́wọ́. Orúkọ ń yí, ṣùgbọ́n ní Ìlá, tí iná bá dé lónìí, "Up NEPA!" ni àwọn ọmọdé ṣì ń ké.

Ohun kan máa ń yà mí lẹ́nu. Òṣogbo, olú-ìlú ìpínlẹ̀ wa, ni National Control Centre wà, ibi tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà. Tí gíríìdì bá ṣubú, bó ṣe ṣubú lọ́pọ̀ ìgbà ní 2024, Òṣogbo ni wọ́n ti ń ṣètò bí wọ́n ṣe máa gbé e dìde. Àwa tí Òṣogbo kò jìnnà sí, inú òkùnkùn la ti ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀ lórí rédíò. Ṣé ẹni tó ń gbé etí odò ló yẹ kó máa fi itọ́ bọ́jú?

Gílóòbù tó bá NEPA dé ni èyí tí gbogbo wa mọ̀, bọ́ọ̀lù gíláàsì tí wáyà tín-ín-rín wà nínú rẹ̀. Wáyà yẹn ló máa ń gbóná títí á fi máa tàn. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ohun ìdáná ni, ìmọ́lẹ̀ kàn ń yọ lára rẹ̀ ni. Nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá iná tó ń jẹ ló ń di ooru. Ẹ bi àwọn tó ń sin òròmọdìẹ, gílóòbù 200 ni ìyá tó ń bo àwọn ọmọ adìẹ wọn.

Kì í sì í pẹ́. Ìtàn wà nídìí ìyẹn náà. Ní 1924, àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá tó ń ṣe gílóòbù pàdé ní Geneva, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Phoebus. Wọ́n mulẹ̀ pé gílóòbù ilé kò gbọdọ̀ lò ju wákàtí 1,000 lọ. Iléeṣẹ́ tí tirẹ̀ bá pẹ́ jù, wọ́n á bu owó ìtanràn lé e. Ẹ gbọ́ o, owó ìtanràn, nítorí pé ọjà rẹ̀ dára jù! Bẹ́ẹ̀ gílóòbù kan wà ní iléeṣẹ́ panápaná ní Livermore, ní California, tí wọ́n ti tàn láti 1901. Ó ṣì ń tàn rọra dòní.

Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan dé tó ní òun ní gílóòbù tí kì í gbóná púpọ̀, tó ń jẹ iná díẹ̀, tó sì ń lo wákàtí 8,000, ṣé ẹ rí i pé kò sí bí a ò ṣe ní í fetí sí i?

BÍ Ẹ́NÁJÌ ṢE DÉ

Inú ọ̀pá iná gígùn tó wà ní ọ́fíìsì àti ilé ìwé ni wọ́n ti yọ ọ́. Wọ́n ti ń ta ọ̀pá yẹn ní Amẹ́ríkà láti 1938. Ní 1973, àwọn ilẹ̀ Lárúbáwá dá epo dúró, epo di ọ̀wọ́n ní gbogbo ayé, àwọn onímọ̀ sì ń wá ohun tí yóò dín iná kù. Ní 1976, ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Edward Hammer ní iléeṣẹ́ General Electric wá bí ọ̀pá gígùn yẹn ṣe máa lọ́ pọ̀ di kékeré. Iléeṣẹ́ náà ní owó tí àwọn máa fi kọ́ ilé tí wọ́n á ti máa ṣe é ti pọ̀ jù, wọ́n gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Philips gbé oríṣi tiwọn jáde ní 1980. Àwọn ará Ṣáínà ló wá sọ èyí tó lọ́ bí ìgbín di ohun tí mẹ̀kúnnù lè rà, láti bíi 1995.

Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ náà wọ inú ìṣèlú. Ní nǹkan bí 2006, ìjọba Cuba ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń yọ gílóòbù àtijọ́, wọ́n ń fi ẹ́nájì rọ́pò rẹ̀; èyí tí wọ́n pààrọ̀ lé ní mílíọ̀nù 9. Ní 2007, omi fà ní ìdídò Akosombo ní Ghana, iná kò tó. Ìjọba wọn ra ẹ́nájì mílíọ̀nù 6, wọ́n pín in lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ó dín ẹrù orí iná wọn kù ní mẹ́gáwáàtì 124 ní àkókò tí gbogbo èèyàn bá tan iná lálẹ́. Ìyẹn kì í ṣe kékeré. Àwa náà kò gbẹ́yìn: Energy Commission of Nigeria, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Cuba àti ECOWAS, pín mílíọ̀nù 1. Láti 2009, Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í lé gílóòbù àtijọ́ kúrò lọ́jà.

Mílíọ̀nù 1 láàárín àwa tí a pọ̀ tó báyìí, ẹ ò rí i pé kò lè dé Ìlá. Ọjà ni tiwa ti dé. Orí pẹpẹ náà sì ni.

ÌWÀÁSÙ TÍ MO ṢE

Ní nǹkan bí 2010, mo ka nípa gílóòbù yìí nínú ìwé ìròyìn. Mo ra ọ̀kan, mo gbé e gun orí pẹpẹ lọ́jọ́ Ìsinmi. Ìwàásù náà dá lórí ìríjú rere. Mo ṣe ìṣirò fún àwọn ará. Mo ní, ilé tó ní gílóòbù 60 márùn-ún, tó ń tàn wọ́n fún wákàtí 5 lójúmọ́, yúnìtì 45 ló ń jẹ lóṣù. Tó bá fi ẹ́nájì 15 márùn-ún rọ́pò wọn, yúnìtì 11 àti díẹ̀ ni. Ìmọ́lẹ̀ kan náà! Mo ní owó tó bá ṣẹ́ kù, ẹ fi san owó ilé ìwé ọmọ. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Mo ní páálí rẹ̀ sọ pé á lo wákàtí 8,000, pé ìyẹn lé ní ọdún mẹ́rin tí èèyàn bá ń tàn án ní wákàtí 5 lójúmọ́.

Ìṣirò yẹn kò ní àṣìṣe kankan. Mo tún un ṣe lálẹ́ àná kí n tó kọ èyí.

Màmá àgbà kan wà nínú ìjọ, opó ni, ó ń ta èlùbọ́. Gílóòbù àtijọ́ nígbà yẹn kò ju bíi ₦50 lọ, ẹ́nájì tó dára sì ń tó ₦400. Màmá yìí kó owó jọ, ó ra mẹ́rin. Ó ní torí Pásítọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ ni.

Kò pé oṣù mẹ́ta, iná lọ fún ọjọ́ mélòó kan. Ní alẹ́ ọjọ́ tó dé, ó dé pẹ̀lú ìbínú. Wáyà kan ti já lórí òpó, wáyà tó yẹ kó máa dá iná padà, èyí tí àwọn oníná ń pè ní neutral. Tí ìyẹn bá já, ilé tó yẹ kó gba 230 volt lè gba ohun tó ju 300 lọ. Fíríìjì jó ní àdúgbò, tẹlifíṣọ̀n jó. Gílóòbù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin Màmá kú lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí wọn dúdú, wọ́n ń rùn bí ike tó jó.

Ó kó wọn sínú nylon, ó gbé wọn wá bá mi ní ọ́fíìsì. Ó ní, "Pásítọ̀, ẹ ní ọdún mẹ́rin."

Ẹ̀yin ará, ẹ wo ohun tí mo sọ. Mo ní, "Màmá, ọ̀tá ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà." Mo gbàdúrà fún un. N kò fi kọ́bọ̀ kan lé e lọ́wọ́. Ó ṣe àmín, ó dìde, kó tó jáde ó ní, "Nígbà tí mo ń lo àtùpà, mo máa ń rí epo tó kù nínú rẹ̀. Èyí, kò sí ohun tí mo rí nínú rẹ̀. Ẹ̀yin ni mo rí."

Màmá ti lọ sọ́dọ̀ Olúwa báyìí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lọ.

OHUN TÍ PÁÁLÍ KÒ SỌ

Ó gbà mí lọ́dún púpọ̀ kí n tó bi àwọn oníná léèrè, kí n sì kàwé nípa ohun tó ṣẹlẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé ìlérí mẹ́ta ni ẹ́nájì ṣe fún wa, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì gbára lé nǹkan kan tí kò sí nínú ilé wa.

Ìlérí kìíní: á pẹ́. Wákàtí 8,000 tó wà lára páálí, inú ilé àyẹ̀wò ni wọ́n ti kà á. Iná ibẹ̀ kì í lọ sókè sódò. Tí wọ́n bá tàn án, á wà ní títàn fún bíi wákàtí mẹ́ta kí wọ́n tó pa á. Ní Ìlá ńkọ́? Iná lè lọ lẹ́ẹ̀mẹfà kí ilẹ̀ tó mọ́. Gbogbo ìgbà tí ẹ́nájì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tàn ni nǹkan kan máa ń jẹ kúrò lára wáyà ìdí ọ̀pá rẹ̀, bí ìgbà tí ọkọ̀ bá ń sítáàtì ní òtútù lójoojúmọ́. Bọ́ọ̀dù kékeré kan tún wà nínú ike ìsàlẹ̀ rẹ̀, bíi ti rédíò. Bọ́ọ̀dù yẹn kò fẹ́ iná àpọ̀jù, kò sì fẹ́ ooru. Àwa ń dorí rẹ̀ kodò láti àjà, ooru ń gòkè bá bọ́ọ̀dù. Àwọn míì ń fi ìgò dídì bò ó mọ́lẹ̀ nítorí ẹwà. Tí iná bá sì wálẹ̀ jù, tó di iná ìdajì, òmíràn á máa ṣẹ́jú, òmíràn kò ní í tàn rárá. Gílóòbù àtijọ́ kò ní bọ́ọ̀dù kankan. Tí iná bá kéré, á pọ́n wẹ́ bí ẹyin iná, ṣùgbọ́n ìwọ á ríran débi bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ wá fi ayédèrú kún un. Lójú títì, ẹ ó rí gílóòbù tí wọ́n kọ 85 sí lára tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò tó ti 20. Àwọn tó ń ṣe ayédèrú mọ̀ pé a kò ní ohun tí a lè fi wọ̀n ọ́n.

Ìlérí kejì: á dín owó kù. Òótọ́ ni, tí ẹ bá ní mítà. Ṣùgbọ́n mítà mélòó ló wà ní àdúgbò wa nígbà yẹn? Bíìlì àfojúdá ni wọ́n ń gbé fún ọ̀pọ̀ wa. Ẹni tó tan gílóòbù 60 mẹ́wàá àti Màmá tó tan ẹ́nájì mẹ́rin, bíìlì kan náà ni wọ́n lè gbé fún wọn. Iná tí Màmá kò lò yẹn, àǹfààní rẹ̀ dé ibì kan, ṣùgbọ́n kò dé inú àpò Màmá. Èyí ni mo gbàgbé nínú ìṣirò mi. Ìṣirò Ghana tọ̀nà nítorí pé ìjọba ló ra gílóòbù, ìjọba náà ló jẹ èrè rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, opó ló rà á.

Kí n má bàa jẹ́ adájọ́ tí kò gbọ́ tẹnu ẹnì kejì, mo gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ẹ́nájì ti mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Ẹ rántí jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní "I better pass my neighbour". Gílóòbù 60 márùn-ún á fẹ́ jẹ ìdajì agbára rẹ̀. Ẹ́nájì 15 márùn-ún kò tó 80. Ìyẹn ló jẹ́ kí ilé kan lè tan gbogbo yàrá, kó tún wo tẹlifíṣọ̀n, lórí jẹnẹrétọ̀ kan ṣoṣo. Ìṣọ́ òru tí a ṣe láwọn ọdún yẹn, ẹ́nájì ló gbé e. Níbi tí iná ti dúró déédéé, tí ẹni tó ń rà á sì ni ẹni tó ń san owó epo, kò já wa kulẹ̀.

Ìlérí kẹta kò sí lára páálí, àwa la fi ọkàn ara wa rò ó: pé kò ní ewu. Èyí ló mú mi padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

OHUN TÓ KÙ NÍNÚ ÒKÚ GÍLÓÒBÙ

Mẹ́kúrì wà nínú ẹ́nájì. Òun ni irin olómi tó ń dán bíi fàdákà, tó máa ń wà nínú ọ̀pá gíláàsì tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń wọn ibà. Láìsí mẹ́kúrì, ẹ́nájì kò lè tàn. Iná á gba inú atẹ́gùn mẹ́kúrì kọjá, á mú ìtànṣán kan jáde tí ojú kò lè rí. Ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n fi ra inú gíláàsì náà ló ń sọ ìtànṣán yẹn di ìmọ́lẹ̀. Gílóòbù lè kú, mẹ́kúrì kì í kú.

Ohun tí mẹ́kúrì lè ṣe, ẹ bi ìlú Minamata ní Japan. Ní 1956 ni àwọn dókítà ibẹ̀ kéde àìsàn kan. Àwọn ológbò ti kọ́kọ́ ń jó kiri bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú kí wọ́n tó kú. Lẹ́yìn náà ló kan èèyàn: ọwọ́ ń gbọ̀n, ojú kò ríran dáadáa, àwọn ọmọ tuntun ń dé sáyé pẹ̀lú àbùkù. Iléeṣẹ́ kẹ́míkà kan ló ti ń da mẹ́kúrì sínú òkun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹja jẹ ẹ́, èèyàn jẹ ẹja.

N kò fẹ́ dẹ́rù bà yín. Èyí tó wà nínú ẹ́nájì kan kéré gan-an, bíi mílígíráàmù 3 sí 5, ìwọ̀n tí ó lè jókòó sórí bírò ìkọ̀wé. Gílóòbù kan tó fọ́ ní ilé yín lẹ́ẹ̀kan kò ní í pa yín. Ṣùgbọ́n páálí kan tó kún, tí ọmọdé ń fọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sí imú ara wọn? Tí a tún wá ń dáná sun ìdọ̀tí níbẹ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀, tí èéfín ń wọ ilé, tí òjò ń gbé eérú lọ sínú odò? Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ gílóòbù kan mọ́.

Orúkọ ìlú yẹn ni wọ́n fi sọ àdéhùn tí gbogbo ayé ṣe lórí mẹ́kúrì ní 2013, Minamata Convention. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2017, Nàìjíríà fọwọ́ sí i pátápátá ní 2018. Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mọ́ mi jù: àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ló gbé àbá dìde pé kí wọ́n fòpin sí àwọn gílóòbù oní-mẹ́kúrì. Wọ́n rí i pé àwọn olówó ti ń kó lọ sórí LED, ẹ́nájì tó bá ṣẹ́ kù, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n máa dà á sí. Ní 2022, ní Bali, wọ́n fẹnu kò pé lẹ́yìn 2025, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ẹ́nájì ilé mọ́, kí wọ́n má kó o wọ̀lú mọ́. Ní 2023, ní Geneva, wọ́n ní àwọn ọ̀pá iná gígùn náà máa tẹ̀ lé e, 2027 ni òpin.

Bí ìtàn ẹ́nájì ṣe ń parí nìyẹn. Òfin lè dá ọjà dúró, àmọ́ kò lè kó èyí tó wà lẹ́yìn ilé wa.

OHUN TÍ MO FẸ́ KÍ Ẹ ṢE

Ẹni tó bá ṣì ní ẹ́nájì tó ń tàn, kó máa lò ó títí á fi kú. Má sọ ọ́ nù torí ọ̀rọ̀ mi.

Tó bá kú, má fọ́ ọ, má sun ún. Dá a padà sínú páálí rẹ̀ tàbí kí o fi bébà wé e. A ti gbé dúróòmù onídérí kan sí ẹ̀gbẹ́ ọ́fíìsì ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ kó wọn wá síbẹ̀, yálà ẹ jẹ́ ọmọ ìjọ wa tàbí ẹ ò jẹ́ bẹ́ẹ̀, Kìrìsìtẹ́nì tàbí Mùsùlùmí. Èmi ni màá wá ibi tí a máa kó wọn lọ.

Tó bá fọ́ nínú ilé, ẹ kó àwọn ọmọ jáde. Ẹ pa fáànù, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ dúró fún bí ìṣẹ́jú 15. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a, torí ìgbálẹ̀ á tú u ká. Páálí líle ni kí ẹ fi kó o, ẹ fi séètépù tẹ èyí tó rúnlẹ̀, ẹ fi bébà tútù nu ilẹ̀. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú ìgò onídérí, ẹ wá fọwọ́ yín dáadáa.

LED la wà lórí rẹ̀ báyìí. Kò ní mẹ́kúrì, iná tó ń jẹ kéré sí ti ẹ́nájì, pípa àti títàn kò fi bẹ́ẹ̀ dà á láàmú. Àwọn ará Japan mẹ́ta tó wá ìmọ́lẹ̀ búlúù rẹ̀ rí ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn Nobel ní 2014, ọ̀kan nínú wọn ti di ọmọ Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi yé o: bọ́ọ̀dù wà nínú òun náà, ayédèrú rẹ̀ ti kún ọjà, iná àpọ̀jù á sì pa á bó ṣe pa ti Màmá. N kò ní í gbé LED gun orí pẹpẹ. Ẹ ra ọ̀kan kí ẹ tó ra mẹ́rin. Ẹ jẹ́ kí ọlọ́jà tàn án lójú yín, kó sì kọ ọjọ́ tí ẹ rà á sílẹ̀. Ẹ bi aládùúgbò yín tí òpó iná kan náà ń bá pín iná pé báwo ni tirẹ̀ ṣe pẹ́ sí. Ẹ̀rí aládùúgbò ju ẹ̀rí páálí lọ. Ó tún ju ẹ̀rí pásítọ̀ lọ, tí pásítọ̀ náà kò bá tíì lo nǹkan náà fún ọdún kan.

Pọ́ọ̀lù kọ́ àwọn ará Tẹsalóníkà pé kí wọ́n yẹ ohun gbogbo wò kí wọ́n tó di èyí tó dára mú. Mo ti wàásù lórí ẹsẹ yẹn ju ìgbà mẹ́wàá lọ. Àwòkọ́ṣe tí mo fi hàn lọ́jọ́ ìwàásù gílóòbù ni pé kí ẹ dì í mú ná, ká tó wá yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tó sì kùnà, mo dá ọ̀tá lẹ́bi, nígbà tó jẹ́ pé wáyà ló já. Àdúrà dára. Ṣùgbọ́n owó Màmá, ₦1,600, èmi ni mo yẹ kó dá a padà.

Àwọn ọmọ Màmá wà lórí ojú ìwé yìí, mo mọ̀ pé wọ́n á kà á. Ẹ dárí jì mí. Ẹ fi ìránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, ọ̀rọ̀ wà tí a máa sọ.

Ọmọ kékeré tó bi mí ní ìbéèrè lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti dá a lóhùn lọ́jọ́ Ìsinmi. Mo ní, "Ó ti kú lóòótọ́, àmọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ kò tíì kú." Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń ṣọ́ dúróòmù wa báyìí. Kò sẹ́ni tó lè fọ́ ọ̀kan lójú wọn.

Olúwa yóò tan ìmọ́lẹ̀ sí ilé wa, kò ní í jẹ́ kí ohun tí a fi ń ríran di ohun tí yóò pa wá lára. Ní orúkọ Jésù. Ẹ ṣe àmín yín sí ìsàlẹ̀, kí ẹ sì sọ fún wa: ẹ́nájì tiyín, oṣù mélòó ló lò?

Ìránṣẹ́ yín nínú Olúwa,
Pásítọ̀ yín, Ìlá-Ọ̀ràngún.